Ìyáàfin Charlotte Ọlájùmọ̀kẹ́ Ọbasá àti Bọ́ọ̀sì Àǹfààní

Ó ti di àṣà wa láti máa sọ ìtàn ìgbésí ayé ẹnì kan nínú àwọn àgbà tó ti lọ, kí àwọn ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ lè mọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ibùdókọ̀ ni ìtàn wa ti bẹ̀rẹ̀.

Àwa tí a jẹ́ nọ́ọ̀sì nínú ẹgbẹ́ yìí mọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ìdájí bí ẹní mọ ọmọ ìyá ẹni. Bí a bá jáde iṣẹ́ òru, ẹsẹ̀ á ti wú, ojú á ti pọ́n, òtútù á sì máa gé wa létí. Àwọn tí a jọ ń dúró ni àwọn tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì, àwọn tó ń ṣọ́ ilé iṣẹ́, àti àwọn tó ń lọ yan búrẹ́dì. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ọ̀nà ni gbogbo wa ń wò. Bí iná bọ́ọ̀sì bá yọ ní kọ̀rọ̀, ọkàn á balẹ̀ pé a ó dé ilé kí àwọn ọmọ tó lọ sí ilé ìwé.

Ní irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ kan, àwa méjì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ẹni tó kọ́kọ́ kó bọ́ọ̀sì sí ìgboro Èkó. Ọ̀kan nínú wa ní òyìnbó ìjọba ni. Èkejì ní Zarpas ni, nítorí bọ́ọ̀sì Zarpas ni àwọn òbí rẹ̀ máa ń dárúkọ. Nígbà tí a wádìí ọ̀rọ̀ náà, a rí i pé àwa méjèèjì la gbé e. Obìnrin ni, ọmọ Yorùbá ni, ìyàwó dókítà sì ni. Orúkọ rẹ̀ ni Charlotte Ọlájùmọ̀kẹ́ Ọbasá. Ìtìjú díẹ̀ mú wa pé a ti gbó tó báyìí kí a tó mọ̀ ọ́n, ìdí sì nìyẹn tí a fi ní kí á má ṣe dá a mọ̀.

Ọmọ ta ni?

Èkó ni a ti bí Charlotte Ọlájùmọ̀kẹ́ ní ọdún 1874. Richard Beale Blaize ni bàbá rẹ̀, Emily tí í ṣe ọmọ ilé Cole sì ni ìyá rẹ̀. Sàró ni wọ́n. Kí àwọn ọmọ wa lè mọ ohun tí à ń wí, Sàró ni àwọn èèyàn wa tí ogun kó, tí wọ́n tà sí oko ẹrú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ lójú agbami, tí wọ́n kó wọn lọ sí Freetown. Níbẹ̀ ni wọ́n ti di onígbàgbọ́, tí wọ́n kọ́ ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ nínú wọn àti àwọn ọmọ wọn padà sílé, sí Èkó, Abẹ́òkúta àti Badagry. Bí a bá rò ó dáadáa, ọmọ àwọn tó ti ìdálẹ̀ padà ni wọ́n, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan nínú wa ṣe ń gbàdúrà pé kí àwọn ọmọ wa náà padà lọ́jọ́ kan.

Freetown ni a bí Blaize sí ní ọdún 1845. Ó dé Èkó ní ọdún 1862, ọdún kan lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà náà, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló sì mọ̀. Ó bá Robert Campbell ṣiṣẹ́ níbi ìwé ìròyìn Anglo-African, ó sì di ọ̀gá nínú ilé ìtẹ̀wé ìjọba. Ní ọdún 1875 ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ òwò tirẹ̀. Ní ọdún 1880 ó dá ìwé ìròyìn Lagos Times sílẹ̀. Òwò náà gbè é débi pé ní ọdún 1896 wọ́n ka ọrọ̀ rẹ̀ sí £150,000, owó ńlá gidi ní ayé ìgbà náà. Ó wà lára àwọn ọlọ́rọ̀ jù lọ ní Èkó. Kò sì fi ọrọ̀ náà sin ara rẹ̀ nìkan. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ Blaize Memorial tó wà ní Abẹ́òkúta ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di ẹ̀yìn ikú rẹ̀.

Inú ilé bẹ́ẹ̀ ni Ọlájùmọ̀kẹ́ dàgbà sí, ilé tí ìwé ìṣirò owó àti ìwé ìròyìn kò ti jẹ́ àjèjì. Ó lọ sí ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin tí ìjọ Áńgílíkà dá sílẹ̀ ní Èkó, lẹ́yìn náà ó lọ kàwé ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbí. Ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin irú ilé bẹ́ẹ̀ nígbà náà ni Gẹ̀ẹ́sì dídán, abẹ́rẹ́, dùùrù àti ìwà ìyàwó ilé. Wọ́n gbà pé ọkọ ni yóò máa wá owó, kí ìyàwó jókòó sí pálọ̀ kó máa gba àlejò. Òwò ṣíṣe di ohun tí wọ́n ka sí iṣẹ́ àwọn tí kò kàwé. Bẹ́ẹ̀ àwa mọ̀ pé kì í ṣe bí àwọn ìyá ńlá wa ṣe gbé ayé nìyẹn. Obìnrin Yorùbá ní àpò tirẹ̀. Ó ń pa aró, ó ń ta epo, ó ń ná ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún, kì í sì í dúró de ọkọ kó tó ra iyọ̀. Ìwé tó yẹ kó fi kún un, ló fẹ́ yọ ọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin Sàró wọ̀nyí.

Ìgbéyàwó àti ilé Bàbáfúnmi

Ní ọdún 1902, Ọlájùmọ̀kẹ́ fẹ́ Dókítà Òrìṣàdípẹ̀ Ọbasá. Òun náà jẹ́ Sàró, ọmọ Ẹ̀gbá, tí a bí ní ọdún 1863, tó sì gba ìwé ẹ̀rí dókítà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1891. George Stone Smith ni orúkọ tí wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ó bọ́ orúkọ náà sílẹ̀, ó sì gba ti ilé baba rẹ̀. Ọ̀pọ̀ Sàró ló ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà náà, nítorí wọ́n rí i pé orúkọ òyìnbó kò sọ wọ́n di òyìnbó lójú òyìnbó. A fi èyí sílẹ̀ fún àwọn òbí tó ń gé orúkọ ọmọ wọn kúrú nítorí ẹnu olùkọ́.

Bàbá ìyàwó fi ilé kan ta ọmọ rẹ̀ lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó náà, Bàbáfúnmi sì ni orúkọ ilé ọ̀hún. Orúkọ náà ti sọ ìtàn ara rẹ̀. Ilé náà kì í ṣe ti ọkọ, ọmọ ló ni ín láti ọwọ́ baba rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn ìgbéyàwó náà, ní ọdún 1904, Blaize kú.

Ọ̀pọ̀ ọmọ olówó ló wà tí ogún baba wọn tán sí ara aṣọ àti àríyá. Ìyáàfin Ọbasá lè jókòó sí Bàbáfúnmi kó máa mu tíì di ọjọ́ alẹ́. Ohun tó wá ṣe ni ìdí tí a fi ń ròyìn rẹ̀ lónìí.

Nígbà tí tírámù dákẹ́

Kí á tó lóye iṣẹ́ tó ṣe, a ní láti mọ bí Èkó ṣe rí. Erékùṣù ni Èkó. Ní ọdún 1901 ni wọ́n ṣí afárá Carter tó so erékùṣù mọ́ Ìdó, ọdún yẹn náà sì ni wọ́n ṣí ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn fún gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n Ìdó ni rélùwéè dúró sí. Ẹni tó bá ti òkè wá pẹ̀lú ẹrù yóò bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, yóò sì wá ọ̀nà tí yóò fi kọjá odò wọ ìgboro.

Nítorí èyí ni ìjọba ṣe kọ́ tírámù tó ń lo iná èédú, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1902. Ó ń kó èrò àti ẹrù láti Ìdó gba orí afárá wọ erékùṣù. Àwa tí a jẹ́ oníṣẹ́ ìlera tún kíyè sí i pé tírámù mìíràn wà fún kíkó ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú lọ dà nù, nítorí agbépòó nìkan kò lè kó o tán mọ́. Èkó ti ń kún.

Ní ọdún 1913 tírámù èrò dákẹ́. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Olówó ní ẹṣin, ó ní kẹ̀kẹ́ tí ènìyàn ń fà, àwọn mélòó kan tilẹ̀ ti ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Akọ̀wé kékeré tó ń gbé Ẹ̀búté Mẹ́ta ńkọ́? Alágbàfọ̀ ńkọ́? Ìyá tó gbé igbá ẹja tàbí ẹrù gààrí sórí, tó pọn ọmọ sẹ́yìn, ńkọ́? Ẹsẹ̀ ni wọ́n ní, oòrùn sì ń bẹ lókè, òjò sì ń bọ̀. Ẹni tí kò lè tètè dé ọjà, ẹlòmíràn á ti tà kó tó dé. Ẹni tó pẹ́ dé ọ́fíìsì, wọn yóò gé owó rẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, inú oòrùn ni yóò gbé e kọjá afárá lọ sí ilé ìwòsàn.

Mọ́tò kì í ṣe ohun tuntun pátápátá ní ilẹ̀ wa nígbà náà. Láti bí ọdún 1906 sí 1907 ni ìjọba ti ń fi mọ́tò ṣiṣẹ́ láàárín Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́. Ní Èkó, W. A. Dáwódù ń tún kẹ̀kẹ́ àti mọ́tò ṣe, ó sì ń tà wọ́n. Ohun tí kò sí ni bọ́ọ̀sì tí ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ lè wọ̀ nínú ìgboro.

Àǹfààní

Láàárín ọdún 1913 sí 1914, ní kété tí tírámù èrò dákẹ́, Ìyáàfin Ọbasá dá ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì sílẹ̀. Òun ni ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ní Èkó. Kò pè é ní Blaize, kò sì pè é ní Ọbasá. Àǹfààní ló sọ ọ́.

Ẹ fojú inú wo orúkọ náà. Èdè Yorùbá ni, ní ìgbà tí gbogbo ilé ìtajà ńlá ní Mẹ́rínà ń jẹ́ orúkọ òyìnbó. Alágbàfọ̀ tí kò mọ ABD lè pè é láìká ahọ́n kò. Kò sì sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ni ín, ohun tí yóò ṣe fún ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ló ń sọ.

Iṣẹ́ bọ́ọ̀sì kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ jókòó. Ẹni tó ra mọ́tò láti fi gbafẹ́ lè gbé e síta lọ́jọ́ tó bá wù ú. Oníbọ́ọ̀sì ti bá gbogbo ìlú mulẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jáde ní àkókò tó dá, kó gba ọ̀nà tó sọ, yálà èrò kún un tàbí èrò méjì péré ló wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ òkun ní ń gbé mọ́tò wá, òun náà ní ń gbé táyà àti epo rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà kò pọ̀, ẹni tó mọ ẹ́ńjìnnì tún ṣe kò pọ̀. Kí kọ́bọ̀kọ́bọ̀ tí èrò ń san tó di owó tó lè ra táyà, ẹnì kan ní láti jókòó ti ìwé ìṣirò ní alaalẹ́. Ọmọ Blaize mọ ìwé ìṣirò.

Kò pẹ́ tí ogun àgbáyé kìíní fi bẹ́ sílẹ̀, ní oṣù August ọdún 1914. Ọkọ̀ òkun tó ń kó ọjà wá sí Èkó dín kù, ohun gbogbo tó ń ti òkè òkun wá sì gbówó lórí. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́kàn lé mọ́tò ní irú ìgbà yẹn, iṣẹ́ akin ló ń ṣe.

Ohun tó jọ wá lójú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé obìnrin náà fi ọwọ́ kan so ohun méjì tí wọ́n ti yà nípa pọ̀. Ó gba ìwé lọ́wọ́ òyìnbó, kò sì jẹ́ kí ìwé gba ọjà lọ́wọ́ òun. Ọmọ ilé Bàbáfúnmi padà sí ìdí ọjà bíi ti ìyá ìyá rẹ̀, ó sì fi mọ́tò dípò igbá. Nígbà tí àwọn obìnrin mìíràn nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé òwò kò dín iyì kù, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú.

Ìjì òṣèlú

Ilé Ọbasá kò bọ́ lọ́wọ́ wàhálà ìlú. Ní ọdún 1908, Dókítà Ọbasá àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Dókítà John Randle dá ẹgbẹ́ òṣèlú People's Union sílẹ̀ láti gbèjà ará Èkó lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti owó omi tí ìjọba fẹ́ máa gbà. Àwọn ará ìlú gbé wọn gẹ̀gẹ̀. Ní ọdún 1916, nígbà tí omi ẹ̀rọ ti dé, tí ìjọba sì fẹ́ gba owó náà dandan, àwọn dókítà méjèèjì yí ohùn padà. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn sí wọn, ẹgbẹ́ náà kò sì rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ lójú mẹ̀kúnnù.

A mẹ́nu kan èyí nítorí a kò fẹ́ sọ ìtàn àwọn àgbà wa bí ẹni pé wọn kì í ṣèèyàn. Àwọn ọ̀tọ̀kùlú ni wọ́n, wọ́n sì ń gbé láàárín ìjọba àti aráàlú. Nígbà mìíràn ẹsẹ̀ wọn a bọ́ sí ìhà kan. Àmọ́ ohun tí ìyàwó ń bá ìjọba fà ní tirẹ̀ kò yí padà.

Wolé-wolé obìnrin

Ẹ jẹ́ kí á padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní ọdún 1901, nígbà Gómìnà MacGregor tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà, àwọn obìnrin Èkó tó kàwé dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń wọ ilé dé ilé. Wọ́n ń pín oògùn ibà, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe lè tọ́jú ọmọ ọwọ́, nítorí ikú ọmọ wẹ́wẹ́ ń pa Èkó lẹ́kún. Iṣẹ́ tí àwa nọ́ọ̀sì ń ṣe lónìí tí à ń gba owó oṣù lé lórí nìyẹn. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é.

Ìyáàfin Ọbasá ni ó ṣe aṣáájú ẹgbẹ́ Lagos Women's League, ẹgbẹ́ tó mú ọ̀rọ̀ ìlera àti iṣẹ́ obìnrin dé iwájú ìjọba. Àsìkò tó le ni. Ní ọdún 1918 àjàkálẹ̀ àrùn tí àwọn àgbà ń pè ní lúkúlúkú ti bá ọkọ̀ òkun wọ Èkó, ó sì pa ènìyàn lọ bí ẹní ń gé koríko. Ní ọdún 1924 àrùn tí eku ń kó ràn tún wọ ìlú. Ìjọba rán wolé-wolé jáde, ọkùnrin sì ni gbogbo wọn.

Ní àwọn ọdún 1920 yẹn, ẹgbẹ́ náà kọ̀wé sí ìjọba. Wọ́n ní kí ìjọba mójú tó ìmọ́tótó ìlú, kí wọ́n gba obìnrin sí iṣẹ́ wolé-wolé, kí wọ́n ro ọ̀rọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì, kí wọ́n sì ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ ìjọba fún àwọn ọmọbìnrin tó kàwé.

Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ ìlera rí yóò mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ipò nìkan ni wọ́n ń sọ. Ọkùnrin àjèjì ha lè wọ yàrá tí ìyá ọlọ́mọ ọjọ́ mẹ́ta sùn sí? Ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún un ní ilé ẹlẹ́hàá? Bí ó bá tilẹ̀ wọlé, ìyá náà yóò ha sọ fún un ibi tó ń dun òun? Àárín ẹ̀hìnkùlé ni omi ìdọ̀tí wà, ibi ìdáná ni eku wà, ẹ̀gbẹ́ ìyá ni ọmọ tó ń ṣàìsàn wà. Obìnrin ló lè dé gbogbo ibẹ̀. Àwa náà ti rí i ní ìlú tí a wà yìí: ìyá kan láti ilé tí kò ní fọhùn rárá bí dókítà ọkùnrin bá wọlé, tó sì jẹ́ pé bí a bá ti fi Yorùbá kí i pé ẹ kú ewu ọmọ, gbogbo ọ̀rọ̀ á tú jáde.

Èsì tí ìjọba fún wọn ni pé ó ṣiyèméjì pé àkókò ti tó tí obìnrin lè máa ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ìjọba dípò ọkùnrin ní Nàìjíríà. Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Ẹni tó ti ń darí ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì, tó ń san owó oṣù fún ọkùnrin, ni wọ́n ń sọ fún pé àkókò obìnrin kò tíì tó.

Kò sí ẹni tó lè sọ pé ìjà náà já sí asán. Ariwo àwọn obìnrin Èkó lórí ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin kò dákẹ́, ní ọjọ́ 10 oṣù October ọdún 1927, ìjọba sì ṣí Queen's College pẹ̀lú ogún akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún 1938, Abímbọ́lá Awólíyì di dókítà obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, Queen's College sì ni ilé ìwé tó lọ. Ní ọdún 1944, Ìyáàfin Oyinkan Abáyọ̀mí dá ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn obìnrin sílẹ̀, ó sì tún gbé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìjọba fún obìnrin dìde.

Dókítà Ọbasá kú ní ọdún 1940. Ìyàwó rẹ̀ gbé ayé lẹ́yìn rẹ̀ fún ọdún tó lé ní mẹ́wàá, ó sì fojú rí díẹ̀ nínú èso ohun tó gbìn. Láàárín ọdún 1946 sí 1950, Kòfowórọlá Pratt, ọmọ Èkó, kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní London, níbi tí Florence Nightingale dá ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ sí. Ìyáàfin Ọbasá ṣì wà láyé nígbà náà. Ní ọdún 1964 Pratt di ọ̀gá nọ́ọ̀sì ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Ojú ọ̀nà tí a là sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1920 ni àwọn wọ̀nyí gbà, ibẹ̀ náà sì ni àwa náà gbà dé ibi tí a wà.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni Ìyáàfin Ọbasá jáde láyé, nígbà tó ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún tàbí tó súnmọ́ ọn.

Lẹ́yìn Àǹfààní

Bọ́ọ̀sì Èkó bọ́ sí ọwọ́ àwọn mìíràn. Ilé iṣẹ́ Zarpas ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa mọ̀, òun ló ń gbé wọn lọ sí ilé ìwé àti ibi iṣẹ́. Ní ọdún 1958, ìgbìmọ̀ ìlú Èkó ra bọ́ọ̀sì Zarpas, ó sì di Lagos Municipal Transport Service, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí LMTS. Lẹ́yìn náà ni dáńfó àti mólúè gba ìgboro kan. Ní ọdún 2008 ni bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀, tó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, ní oṣù September ọdún 2023 sì ni ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní Èkó. Àádọ́fà ọdún ló wà láàárín ìgbà tí tírámù dákẹ́ àti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ìgboro. Ẹni tó kọ́kọ́ dí àlàfo náà ni ọmọ Blaize.

Ohun tí a rí kọ́

Ẹ̀yin ará wa, a kò sọ ìtàn yìí kí á lè yangàn pé tiwa ló kọ́kọ́ ṣe é. Ohun kan ló wà nínú rẹ̀ fún wa. Ìyáàfin Ọbasá rí oore gbà: ó rí ilé gbà, ó rí ìwé gbà, ó rí orúkọ baba gbà. Nígbà tí tírámù dákẹ́, kò béèrè ohun tí yóò gbé òun fúnra rẹ̀, nítorí òun kò ní fẹsẹ̀ rìn. Ohun tí yóò gbé ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ló wá. Nígbà tó sì ti rí iṣẹ́ ṣe fún ara rẹ̀, kò ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó lọ dúró síwájú ìjọba nítorí ọmọ ọlọ́mọ tó ń fẹ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti wolé-wolé. Wọ́n ní àkókò kò tíì tó, kò sì padà sí pálọ̀ lọ jókòó.

Àwa tí a wà lẹ́yìn odi ti rí oore gbà pẹ̀lú. Àwọn kan nínú wa ń wa bọ́ọ̀sì, àwọn kan ń ṣe iṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn, àwọn kan sì ti di ọ̀gá. Ọmọ tuntun ń ti ilé dé lójoojúmọ́, kò mọ bọ́ọ̀sì tó yẹ kó wọ̀, kò mọ fọ́ọ̀mù tó yẹ kó kọ. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ti mọ̀nà dúró ní ibùdókọ̀ dè é. Ìyẹn náà jẹ́ àǹfààní.

A tún bẹ ẹ̀yin àgbà wa: bí ẹ bá rántí bọ́ọ̀sì Zarpas tàbí LMTS, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ nílé. Bí àwọn ọmọ bá sì bi yín pé ta ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀sì ní Èkó, ẹ má jiyàn bíi tiwa mọ́. Ẹ sọ fún wọn pé Ìyáàfin Charlotte Ọlájùmọ̀kẹ́ Ọbasá ni. Pàápàá jù lọ, ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọbìnrin.

Ó di ìgbà mìíràn o. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa.